Ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìÀgbà_Àkúrẹ́ — Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo ṣiṣẹ́ nígbà Ebola, mo ṣiṣẹ́ nígbà Kòrónà, Lassa kì í sì í jẹ́ ká sinmi lọ́dọọdún lágbègbè wa.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mò ń ka fáìlì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ ìbọ̀wọ́, ó lọ sí bẹ́ẹ̀dì kìíní. Ó da àpò ìtọ̀ bàbá tó wà níbẹ̀ nù. Ó tún okùn dríìpù bàbá náà ṣe. Fóònù rẹ̀ dún, ó yọ ọ́ nínú àpò, ó wò ó, ó dá a padà. Ó ṣí fáìlì, ó kọ nǹkan sí i. Ló bá kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ó fẹ́ tú báńdéèjì ojú ọgbẹ́ ìyá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ìbọ̀wọ́ kan náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo pè é. Mo ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ńkọ́?" Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Àǹtí, mo wọ ìbọ̀wọ́ o."

Kò parọ́, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn ni. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn. Ó gbà láti ọkàn rẹ̀ wá pé bí ìbọ̀wọ́ bá ti wà lọ́wọ́, ọwọ́ ti mọ́. Bẹ́ẹ̀ awọ kejì ni ìbọ̀wọ́. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ní bẹ́ẹ̀dì kìíní ló máa gbé dé bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Mo tiẹ̀ rò pé ó léwu ju ọwọ́ òfìfo lọ, torí ẹni tí ìtọ̀ bá ta sí lọ́wọ́ á mọ̀ ọ́n lára, á wá omi lọ. Ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ kì í mọ nǹkan kan.

Láti ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti la ìgbà márùn-ún sílẹ̀ fún wa: kí a tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí a tó ṣe iṣẹ́ tí ìdọ̀tí kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, bíi ká tú ojú ọgbẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá ti lè kàn wá, lẹ́yìn tá a bá fọwọ́ kan aláìsàn tán, àti lẹ́yìn tá a bá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tábìlì rẹ̀, ohunkóhun tó yí i ká. Ìbọ̀wọ́ kò yọ ẹyọ kan kúrò nínú márààrún.

Níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, báwo ló ṣe ń lọ? Ẹ má sọ ohun tí ìwé wí fún mi. Ohun tójú yín rí ni mo fẹ́ gbọ́.


Dókítà_Ẹ̀gbá — Ọjọ́bọ̀, 9:47 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, màá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kún un.

Lọ́dún 1847, ní ìlú Vienna, ilé ìgbẹ̀bí ńlá kan wà tó pín sí apá méjì. Àwọn dókítà àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló wà ní apá kìíní, àwọn agbẹ̀bí ló wà ní apá kejì. Ikú àwọn ìyálọ́mọ ní apá àwọn dókítà pọ̀ débi pé àwọn aboyún ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má gbé àwọn lọ síbẹ̀. Dókítà kan tó wá láti Họ́ńgárì, Ignaz Semmelweis, wádìí ọ̀rọ̀ náà títí, kò rí ìdí rẹ̀. Àfi ìgbà tí ọ̀bẹ gé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Jakob Kolletschka, níbi tí wọ́n ti ń la òkú, tí ọkùnrin náà sì kú irú ikú tó ń pa àwọn ìyálọ́mọ. Ibẹ̀ ni ó ti yé e. Yàrá òkú ni àwọn dókítà ti ń bọ̀ kí wọ́n tó wá gbẹ̀bí. Ọwọ́ wọn ni ikú ń bá wọlé.

Ó ní kí gbogbo wọn máa fi omi kilorín fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, nínú 100 ìyá, bíi 18 ló kú ní apá yẹn. Nígbà tó máa di oṣù kẹfà, bíi 2 ni. Kò sí oògùn tuntun, kò sí ẹ̀rọ tuntun. Ọwọ́ ni wọ́n fọ̀.

Ìbọ̀wọ́ kò tíì sí nígbà yẹn. Nígbà tó sì máa dé yàrá iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 1889 sí 1890, oníṣẹ́ abẹ William Halsted ló ní kí ilé iṣẹ́ onírọ́bà ṣe é fún nọ́ọ̀sì rẹ̀, Caroline Hampton, nítorí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lọ́wọ́ ń bó ọmọbìnrin náà lára. Ọwọ́ tí fífọ̀ ti bó ni wọ́n wá ìbọ̀wọ́ fún. Fífọ ọwọ́ ló ṣáájú.


Wọ́ọ̀dùKẹta — Ọjọ́bọ̀, 10:03 alẹ́

Omi dà?


Wọ́ọ̀dùKẹta — Ọjọ́bọ̀, 10:20 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo kọ́kọ́ dáhùn ṣókí, inú ló ń bí mi. Kì í ṣe sí yín, màá.

Wọ́ọ̀dù tí mo wà, bẹ́ẹ̀dì 32 ló wà níbẹ̀. Síǹkì kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, omi kì í sì í ṣẹ̀ ní táàpù rẹ̀ bí kò bá sí iná tí wọ́n máa fi fa omi. Lóru, nọ́ọ̀sì méjì ni wá. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí n bá fọ ọwọ́ mi nígbà márààrún lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń rìn lọ rìn bọ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, ta ló máa fún wọn lábẹ́rẹ́? Ọṣẹ tó wà níbẹ̀, èmi àti ẹnì kejì mi la dá owó rà á.

Nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ni pé àwọn ará ilé aláìsàn là ń ní kí wọ́n ra ìbọ̀wọ́ wá. Bí ẹbí kan bá mú ìbọ̀wọ́ mẹ́rin péré wá, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, o ò lè bọ́ ọ sọ nù lẹ́yìn ohun kékeré kan. Wà á máa ṣọ́ ọ lò. Ọmọ yẹn tí ẹ rí, màá, ó lè jẹ́ pé ibi tó ti kọ́ ìṣọ́wólò ìbọ̀wọ́ nìyẹn. Àìní ló kọ́ ọ.


ỌmọÌlọrin — Ọjọ́bọ̀, 10:41 alẹ́

Èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹni tó ń gbé èèyàn rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ni mí. Nígbà tí màmá mi wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n kọ ìwé lé mi lọ́wọ́: ìbọ̀wọ́ páálí kan, òwú, spírítì, Jíìkì. Mo rà gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i tí wọ́n mú ìbọ̀wọ́ láti inú páálí màmá mi lọ tọ́jú aláìsàn mìíràn, mo sì pariwo. Mo ní owó mi ni. Ojú ti nọ́ọ̀sì náà, ó dá a padà.

Ohun tí Wọ́ọ̀dùKẹta kọ yìí ti jẹ́ kí n máa ro ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà tí mo ti kà á. Bí wọn kò bá wọ ìbọ̀wọ́ tọ́jú ẹni yẹn, ọwọ́ yẹn kan náà ló máa padà sára màmá mi. N kò ro ó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo nọ́ọ̀sì.


Apògùn_ÒkèBọ́là — Ọjọ́bọ̀, 11:15 alẹ́

Wọ́ọ̀dùKẹta, níbi tí kò bá ti sí omi, sànítáísà ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Ó yá ju omi àti ọṣẹ lọ: ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 ti tó láti fi í pa ọwọ́ méjèèjì, nígbà tí omi àti ọṣẹ máa ń gba 40 sí 60.

Nígbà tí sànítáísà wọ́n bí ojú ní 2020, àwa náà pò ó fúnra wa ní ilé oògùn wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é jáde tipẹ́. Fún lítà 10: ọtí ethanol 96% mílílítà 8,333, hydrogen peroxide 3% mílílítà 417, glycerol 98% mílílítà 145, omi tí a sè tó ti tutù ni a fi máa kún un títí yóò fi pé. Ẹ pa á dé kíá kí ọtí má bàa fẹ́ lọ, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 72 kí ẹ tó lò ó, torí iṣẹ́ hydrogen peroxide ni láti pa ẹyin kòkòrò tó bá wà nínú ìgò. Glycerol ni kì í jẹ́ kó bó yín lọ́wọ́. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nítorí owó: bí ọwọ́ bá ti ń ya, òṣìṣẹ́ kò ní fẹ́ fi kàn án mọ́.

Ohun mẹ́ta péré tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìdọ̀tí bá hàn lọ́wọ́ rẹ̀, omi àti ọṣẹ ni, sànítáísà kò ní ràn án. Ògógóró kì í ṣe sànítáísà. Mo rí àwọn tó lò ó ní 2020, ọtí inú rẹ̀ kì í sábà tó. Ìkẹta, iná: ẹ má ṣe pò ó nítòsí jẹnẹrétọ̀ tàbí sítóòfù. Mo rí ẹni tó fẹ́ ṣe é ní kíṣìnnì, mo sáré lọ gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.


ỌmọỌ̀wọ̀ — Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa níbí. Ọ̀wọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú wa jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ibà Lassa ní Nàìjíríà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ara wa kì í lélẹ̀ mọ́.

Ìṣòro Lassa ni pé bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Orí fífọ́, ara gbígbóná, ọ̀nà ọ̀fun dídùn. Ẹni tó gbé e wá á ní ibà ni, ìwọ náà á rò pé ibà ni, wà á fún un lóògùn ibà. Ó lè tó ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bó bá máa jáde rárá. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọwọ́ rẹ ń kàn án. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé ẹ má dúró de èsì láàbù kí ẹ tó ṣọ́ra. Ẹni gbogbo tó wọlé wá, ẹ fọwọ́ mú un bí ẹni tó ní nǹkan.

Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1969, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀, nọ́ọ̀sì kan, Laura Wine, ló ṣàìsàn ní abúlé Lassa ní Borno. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, Charlotte Shaw, kó o, òun náà kú. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, tó tún jẹ́ nọ́ọ̀sì, kó o. Wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, orí yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú ni àrùn náà ń bá kiri.


Láàbù_Èkó — Ọjọ́ Ẹtì, 7:05 àárọ̀

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Èkó gan-an nìyẹn. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer, ẹni tó gbé Ebola wọ Nàìjíríà, balẹ̀ láti Liberia, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló fura pé ọ̀rọ̀ náà ju ibà lọ, tó ní ọkùnrin náà kò ní jáde níbẹ̀, láìka bí wọ́n ṣe ń fúngun mọ́ ọn sí. Èèyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, 8 kú, Dókítà Adadevoh náà sì wà lára wọn, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Òṣìṣẹ́ ìlera ni 11 nínú àwọn 20 náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò nílẹ̀ wa.

Mo máa ń rántí pé ìgbà tí wọ́n kò tíì mọ̀ pé Ebola ni, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kó o. Aṣọ ìdáàbòbò tó dé lẹ́yìn èsì kò lè gba ọwọ́ tó ti fọwọ́ kan nǹkan ṣáájú èsì là.


Àbẹ̀kẹ́_Leeds — Ọjọ́ Ẹtì, 1:22 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Leeds ni mo wà, mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níhìn-ín láti 2017. Mo kà gbogbo rẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé omi ń ṣẹ̀ ní gbogbo síǹkì níhìn-ín, sànítáísà wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ a ṣì ń bá ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ yìí fà á. Ní 2018, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Great Ormond Street ní London bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti dín ìbọ̀wọ́ tí kò yẹ kù, torí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀ ọ́ fún ohun tí kò nílò rẹ̀, wọ́n sì ń gbàgbé ọwọ́.

Nígbà Kòrónà, ìbòmú ni wàhálà tiwa. Bí o bá máa wọ FFP3, ìyẹn ìbòmú tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò lójú rẹ. Wọ́n á fi ìbòrí kan tó dà bí àpò ńlá bò ọ́ lórí, wọ́n á máa fọ́n omi kíkorò sínú rẹ̀, wọ́n á ní kí o máa kàwé sókè, kí o máa yíjú sọ́tùn-ún sósì. Bí ìkorò náà bá dé ẹnu rẹ, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ ìbòmú wọlé nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo korò lẹ́nu. Ìmú mi fẹ̀, egungun rẹ̀ kò ga, ìbòmú náà kò jókòó dáadáa. Oríṣi ìkẹta ló tó gbà. Ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Áfíríkà la jọ wà lórí ìlà yẹn. Ẹni tó ní irùngbọ̀n náà kò lè gbà á, torí irun kì í jẹ́ kí etí ìbòmú lẹ̀ mọ́ ara.

Mo sọ fún àbúrò mi tó wà ní ilé ìwòsàn kan ní ilé pé N95, tó jẹ́ irú ìbòmú bẹ́ẹ̀, tó bá ya létí kò yàtọ̀ sí asẹ́ tó ya létí. O lè sẹ́ ògì títí ilẹ̀ á fi mọ́, èèrí máa bọ́ síbẹ̀ ni.

Nǹkan kejì ni bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ. Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan máa ń dúró tì ọ́ bí o bá ń bọ́ aṣọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wo ọwọ́ rẹ lọ. Lọ́jọ́ kan tí mo ti lo wákàtí mẹ́ta nínú gáùn, tí òógùn ti wọ̀ mí lójú, ọwọ́ mi ti ń gòkè lọ síbi ìmú láìmọ̀. Ẹni yẹn pariwo orúkọ mi. Bí kò bá sí níbẹ̀, mo ti yún ìmú mi tán.


Dókítà_Ẹ̀gbá — Ọjọ́ Ẹtì, 1:50 ọ̀sán

Ooto ọ̀rọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Wíwọ̀ rọrùn, bíbọ́ ni ẹrù. Fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n: ìbọ̀wọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́. Ẹ fi ọwọ́ kan tó ṣì wà nínú ìbọ̀wọ́ fún ìta ìbọ̀wọ́ kejì ní ọrùn ọwọ́, ẹ fà á kí inú rẹ̀ yí sóde, ẹ ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìka tó ti wà lófìfo ni kẹ́ ẹ ki bọ abẹ́ etí èyí tó kù, láti inú, ẹ yí i bọ́ lórí èyí àkọ́kọ́, kí ọ̀kan wà nínú èkejì bí ẹ̀wà inú èèpo rẹ̀. Ẹ pa ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni gáùn, ẹ ká a sínú. Awò ojú, láti ẹ̀yìn orí. Ìbòmú ló kẹ́yìn, nígbà tẹ́ ẹ bá ti jáde kúrò nínú yàrá, okùn rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan iwájú rẹ̀. Ẹ tún pa ọwọ́.


Adé_Rẹ́sídẹ́ǹtì — Ọjọ́ Ẹtì, 4:08 ìrọ̀lẹ́

Mo gbọ́ gbogbo yín, mo sì fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2020, àwa dókítà ẹgbẹ́ NARD, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn dókítà rẹ́sídẹ́ǹtì Nàìjíríà, dá iṣẹ́ sílẹ̀, àìtó ohun ìdáàbòbò sì wà lára ohun tá à ń jà fún. ₦5,000 lóṣù ni owó ewu wa nígbà yẹn. Ìbòmú N95 kan ni mo fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo máa ń fi í sínú àpò bébà, mo kọ orúkọ mi sí i lára, bí mo bá délé mo máa ń gbé e kọ́ sí ojú fèrèsé. Ẹ̀kọ́ dára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀kọ́ rọ́pò ìbòmú.


ỌmọÌyáWọ́ọ̀dùMẹ́ìdì — Ọjọ́ Ẹtì, 8:33 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Nọ́ọ̀sì, dókítà, apògùn, láàbù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹni tó ń gbé pàǹtí.

Màmá mi ló ń fọ wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn kan ní 2020. Agbaṣẹ́ṣe ló gbà wọ́n síṣẹ́, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn gan-an. Nígbà tí Kòrónà dé, wọ́n ṣe ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún òṣìṣẹ́ ìlera. Wọn kò pe màmá mi. Ẹnì kan ní kí wọ́n wá jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ kejì, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá mi kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òun rí i pé wọ́n ń pa ọwọ́, òun náà pa tòun.

Gbogbo ohun tí ẹ̀yin bọ́, ìbọ̀wọ́, gáùn, ìbòmú, òun ló kó o. Ẹ bọ́ ọ tán, ẹ pa ọwọ́, ẹ lọ. Òun ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú korobá kí àpò lè gba púpọ̀ sí i, òun ló so ẹnu àpò, òun ló gbé e rù. Ìbọ̀wọ́ tó wọ̀, ìbọ̀wọ́ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ tó fi owó ara rẹ̀ rà ní ọjà ni, ó sì ya ní àtàǹpàkò. Ó fi ọ̀rá nylon wé àtàǹpàkò náà, ó so ó pẹ̀lú rọ́bà, ó tún ń wọ̀ ọ́ lọ.

Ẹnikẹ́ni kò sọ bí Jíìkì ṣe yẹ kó pọ̀ tó fún un. Ó ń dà á bó ṣe wà nínú ìgò, torí ó rò pé bó bá ṣe le tó ló ṣe máa pa kòkòrò tó. Awọ ìka rẹ̀ bó, ó ń ta á bí ó bá fẹ́ jẹ ọbẹ̀ aláta. Nígbà tó bá dé láti ibi iṣẹ́, kì í wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń bọ́ aṣọ, á wẹ̀ níbẹ̀, á fọ aṣọ náà níbẹ̀, nínú òkùnkùn. Àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin á máa sunkún lójú fèrèsé, á ní kí màmá gbé òun.

Kò kú. Ọpẹ́ ni. Àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.


Dókítà_Ẹ̀gbá — Ọjọ́ Ẹtì, 9:01 alẹ́

Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, ọmọ ìyá mi. Mo ti bọ́ gáùn sínú korobá fún ọdún mélòó kan, n kò wo ẹ̀yìn rí láti rí ẹni tó máa gbé e. Ẹ bá mi kí màmá.

Torí àwọn tó máa ka èyí fún ìyá wọn: Jíìkì tó bá jẹ́ 3.5% lára ìgò, ife kan ni kẹ́ ẹ dà sí omi ife mẹ́fà, ìyẹn ló máa fún yín ní 0.5% tí wọ́n fi ń nu ibi tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá kàn. Òòjọ́ ni wọ́n ń pò ó, èyí tó bá sùn, agbára rẹ̀ ti lọ. Kì í ṣe ohun ìfọwọ́ rárá. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ohun ìfọ ṣáláńgá tó ní áásìdì nínú, afẹ́fẹ́ tó máa jáde níbẹ̀ lè gba èémí lọ́wọ́ èèyàn.


Wọ́ọ̀dùKẹta — Ọjọ́ Ẹtì, 9:15 alẹ́

Mo ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ní wọ́ọ̀dù yìí. N kò mọ orúkọ ìyá tó ń fọ̀ ọ́ lóru. Màmá Ṣadé la máa ń pè é. Màá bi í lọ́la.


Nọ́ọ̀sìÀgbà_Àkúrẹ́ — Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà, 7:40 alẹ́

Ẹ kú àtijọ́ o. Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan títí màá fi ní nǹkan gidi láti sọ.

Mo tẹ́tí sí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ omi ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo mú bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó ní ìdérí, mo ní kí ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe bá mi lu ihò sí ìdí rẹ̀, ó fi táàpù oníke sí i. Irú èyí tí Veronica Bekoe ní Gánà kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe bọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ọ̀kan wà láàárín wọ́ọ̀dù báyìí, lórí ìjókòó onígi, pẹ̀lú ọṣẹ àti korobá ìgbomi lábẹ́ rẹ̀. Ìkejì wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní láti rìn jìnnà wá omi mọ́.

Lẹ́yìn náà mo pe gbogbo wa jọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, àti ìyá méjì tó ń fọ wọ́ọ̀dù. Yorùbá la fi sọ gbogbo rẹ̀. N kò ka ìwé fún wọn. Mo ra búlúù ìfọṣọ, mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo pò ó mọ́ òróró díẹ̀ kó lè lẹ̀. Mo ní kí gbogbo wa wọ ìbọ̀wọ́, mo fi búlúù náà ra wọ́n ní ọwọ́, mo ní kí wọ́n bọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè ká rí i.

Mo wò ó yí ká. Búlúù wà lára ọrùn ọwọ́, ó wà lára èékánná, ó wà létí apá aṣọ. Lára ọwọ́ mi náà, ìlà búlúù kan gùn láti àtàǹpàkò dé ìgúnpá. Ọmọ tí mo kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sọ̀rọ̀, ó kàn lọ síbi bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìyá kan nínú àwọn méjì tó ń fọ wọ́ọ̀dù nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ láú. Mo bi í pé, "Ìyá, báwo lẹ ṣe bọ́ ọ?" Ó ní, "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń kó tiyín. Mo máa ń wo bí ẹ ṣe ń bọ́ ọ, mo sì máa ń rí ibi tó ti ń ta sí yín lára." Ó wọ òmíràn, ó tún bọ́ ọ lójú gbogbo wa, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta la ní kó ṣe é.

Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá wa pé kí wọ́n fún àwọn ìyá náà ní ìbọ̀wọ́ tó nípọn, épúrọ́ọ̀nù àti bàtà rọ́bà, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sínú ìdálẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí ìwé náà. Mo ń tẹ̀ lé e.

Ìṣòro tó kù ni ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó ń pọn omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í wá lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ó ti gbẹ. Ìgbà méjì ni mo ti fi ọkọ̀ mi gbé jẹ́ẹ́rékánì wá láti ilé. Táàpù oníke tí mo fi sí ti ẹnu ọ̀nà náà ti ń jò. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó nípọn ní Àkúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí.


Wọ́ọ̀dùKẹta — Ọjọ́ Ajé, 8:02 alẹ́

Àwọn tó ń ta ohun èlò ẹ̀rọ omi ní ọjà Ọba, màá. Ẹ béèrè onírin, ẹ má ra oníke mọ́. Èmi náà ti lu ihò sí tèmi lánàá, èmi àti Màmá Ṣadé la jọ pọn omi àkọ́kọ́ sí i. Rísíkátù lorúkọ wọn.